Ìdínu Kínimoṣe

Ojúòtó ni gbogbo àdúgbò ń pe aránbàtà náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ojú rẹ̀ méjèèjì pé, ó sì ń ríran kedere. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Bí oníbàárà bá yọjú sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ní, "Bàbá, ẹ ṣáà wo ẹsẹ̀ mi, ẹ mọ bó ṣe tó," á mi orí, á ní, "Ojú ò tó. Jókòó, gbé ẹsẹ̀ wá." Ọwọ́ ló fi ń wọn ẹsẹ̀. Á fi àtàǹpàkò tẹ gìgísẹ̀, á ki ìka sábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀. Ibo lo máa ń rìn lọ? Ẹsẹ̀ wo lo fi ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀? Ta ló tẹ̀ ọ́ ní èékánná fọ́ báyìí? Ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé bí ọkọ òun bá jẹ́ ọlọ́pàá ni, kò sí olè tí kò ní jẹ́wọ́, nítorí ìbéèrè á ti sú u.

Torí náà, nígbà tí Ìyá Oníbúrẹ́dì wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí ìyẹ̀fun ṣì wà ní ìgúnpá rẹ̀, tó ní òun fẹ́ kí Bàbá bá òun rán ohun kan tí kì í ṣe bàtà, inú aránbàtà dùn kó tó mọ ohun tí í ṣe.

"Ìdínu ni," obìnrin náà sọ. "Èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ajá lẹ́nu."

"Ajá wo?"

Ìyá Oníbúrẹ́dì kàn wò ó. Ajá kan ṣoṣo ni gbogbo àdúgbò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lásìkò yẹn.

Pítíbúlù ni ajá náà, irú ajá alágbára kan láti òkè òkun. Àwọ̀ rẹ̀ pupa rúsúrúsú, orí rẹ̀ tóbi, àyà rẹ̀ sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi máa ń dà bíi pé ajá méjì ló ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kínimoṣe lórúkọ rẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ọjọ́ tí ajá náà dé ni àwọn aládùúgbò ti ń kùn, òun náà sì wá orúkọ tí yóò máa bá òun dá wọn lóhùn láìjà. Bó bá ti ń pe ajá rẹ̀ láàárọ̀, kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tó ń bá wí.

Kò déédéé ní ajá. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tó fi ń jáde lọ dáná sí ààrò búrẹ́dì. Nígbà kan, àwọn olè dá a lọ́nà nínú òkùnkùn yẹn, wọ́n lù ú, wọ́n ṣẹ́ ẹ lápá. Apá náà san, ọkàn rẹ̀ ni kò san. Ó ti fẹ́ pa iṣẹ́ tì pátápátá kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó mú ajá yìí wá fún un. Láti ìgbà náà ni ajá ti ń tẹ̀ lé e lọ, tó ń tẹ̀ lé e bọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì tún na ìka sí i.

Ológbò Alága àdúgbò ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Ológbò arúgbó kan ni, tí Alága fẹ́ràn ju ọ̀pọ̀ àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀ lọ, ẹ má sì jẹ́ ká dá a lẹ́bi, torí ológbò kì í ta ko èèyàn nípàdé. Lọ́jọ́ kan, Kínimoṣe fo ọgbà, ó fẹnu gbá ológbò náà mú lẹ́nu ọ̀nà Alága, ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Àgbàlagbà ọkùnrin jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún. Lẹ́yìn náà ló pe ìpàdé.

"Dókítà ẹran ń bọ̀ ní Sátidé," Ìyá Oníbúrẹ́dì ṣàlàyé fún aránbàtà. "Wọ́n ní kí Kínimoṣe rin òpópónà yìí já pẹ̀lú ìdínu, lójú gbogbo èèyàn. Tó bá rìn ín wọ́ọ́rọ́wọ́, kó máa bá mi gbé. Tó bá ṣe bí ẹhànnà, wọ́n á gbé e lọ pa. Mo ti lọ bá àwọn aláwọ yòókù. Wọ́n ní àwọn ò ní fọwọ́ kan ẹnu yẹn."

"Ṣé lóòótọ́ ló pa ológbò?"

"Ó pa á. Mi ò ní purọ́ fún yín."

"Ṣé ẹ̀rù rẹ̀ máa ń ba ẹ̀yin náà?"

Obìnrin náà nu ìyẹ̀fun ìgúnpá rẹ̀. "Mi ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, Bàbá. Ohun tó ti ṣe nìkan ni mo mọ̀. Èmi ò rí ibi lọ́wọ́ ẹ̀. Àmọ́ táwọn ọmọ ọmọ mi bá wá, mo máa ń tì í mọ́ yàrá."

Ìdáhùn yẹn wọ aránbàtà lára. Ó ní òun á rán an.

Bí obìnrin náà ṣe jáde báyìí, aránbàtà bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wà láyé tí kò tíì dé ṣọ́ọ̀bù yẹn, ọ̀rọ̀ náà kò tíì ṣẹlẹ̀ ni.

"Pítíbúlù kẹ̀?" Onígbàjámọ̀ pa ẹ̀rọ ìgẹrun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ má dán an wò o, Bàbá. Wọ́n ní tó bá ti gé èèyàn jẹ, ṣe ni ẹnu ẹ̀ máa há. Òun fúnra ẹ̀ ò ní lè là á mọ́, kódà tó bá fẹ́."

"Ta ló rí i?"

"Wọ́n ní."

"Àwọn wo ni wọ́n?"

"Ṣé ẹ̀yin ò gbọ́ ọ rí ni?"

"Mo gbọ́ ọ. Ẹni tó rí i ni mò ń wá."

Oníbàárà tí wọ́n ń gẹ̀ lọ́wọ́, tí irun ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ kan ti kúrò tí èkejì ṣì kún, já ọ̀rọ̀ gbà. Ó ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀, pé ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ òun kan ní irú ajá yẹn, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń bá sùn, ó sì níwà ju ọmọ èèyàn lọ.

"O ti fọwọ́ kàn án rí?" Ojúòtó béèrè.

"Kí ni mo fẹ́ fọwọ́ kàn án fún?"

Aránbàtà padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bó ṣe lọ. Ẹni tó bú ajá kò rí ohun tó sọ, ẹni tó yìn ín kò sún mọ́ ọn.

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ nǹkan kan ní tòótọ́. Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ló ń bá ṣiṣẹ́, ó sì ti fọ ẹ̀jẹ̀ oríṣiríṣi kúrò lára aṣọ. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ bi í lójú oúnjẹ, ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Gbogbo ajá ló ń gé èèyàn jẹ," ó ní. "Àwọn kéékèèké yẹn gan-an ló ń yára ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí kékeré gé jẹ, á fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wọlé wá, á máa ṣépè. Ẹni tí irú èyí gé jẹ kì í ráyè ṣépè. Ọkọ mi, iṣẹ́ ọwọ́ lò ń ṣe. Ọwọ́ lo fi ń jẹun."

"Mo ti ṣèlérí."

"Mo mọ̀. Kì í ṣe torí ìlérí lo fẹ́ fi lọ, o kàn fẹ́ mọ bí inú ẹnu ajá ṣe rí ni."

Òótọ́ ni ìyàwó rẹ̀ sọ.

Àárọ̀ kùtùkùtù ló lọ, lẹ́yìn tí Ìyá Oníbúrẹ́dì ti kó búrẹ́dì àkọ́kọ́ jáde, nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù tí ara ajá balẹ̀. Obìnrin náà ló ní kó wá lásìkò yẹn. Kínimoṣe jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ìyan-búrẹ́dì, ó pa ẹnu dé, ó ń wo àlejò. Aránbàtà dúró lókèèrè. Ẹ̀rù ń bà á gan-an, kò sì fi bò. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń bẹ̀rù náà ló ń wò. Ó rí i pé etí ajá náà rọ̀, pé irun funfun ti ń hù sí i ní àgbọ̀n, àti pé ìyẹ̀fun wà lórí imú rẹ̀.

"Ṣé kì í gbó?" ó béèrè.

"Kì í gbó. Ìyẹn ló ń já àwọn èèyàn láyà."

"Ṣé ó máa ń lálàá?"

"Bàbá, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ jọ̀ọ́."

Ó kúnlẹ̀. Ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ajá gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀ àti awọ tó mú dání. Lẹ́yìn náà ló fi àtàǹpàkò tẹ egungun imú rẹ̀, ó fi ìka yí àgbọ̀n rẹ̀ ká, ó wọ̀n ọ́n láti ìsàlẹ̀ ojú dé góńgó imú. Ẹnu náà gbóná, ó le lábẹ́ awọ, kò sì mira. Nígbà tó parí, Kínimoṣe lá a ní ọrùn ọwọ́. Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀, nítorí ó ti ń retí ikú láti àná.

Bó ṣe ń rán bàtà gan-an ló ṣe rán ìdínu. Ó yan awọ tó dára, ó rán an méjì-méjì, ó sì jẹ́ kó fún díẹ̀, torí gbogbo aránbàtà ló mọ̀ pé awọ tuntun a máa fẹ̀: bàtà tó bá rọni lọ́rùn jù lọ́jọ́ tí a rà á, á máa bọ́ lẹ́sẹ̀ ẹni láìpẹ́. Láàárọ̀ Sátidé, wọ́n gbé e wọ ajá nínú ilé ìyan-búrẹ́dì. Ó bá a mu rẹ́gí. Kò sí ibi tó wú, kò sí ibi tó ṣẹ́ po. Aránbàtà rìn yí i ká, ó ń wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó ní irú èyí ò sí lọ́jà.

Ọ̀sán ni dókítà ẹran dé. Ọ̀dọ́bìnrin kan ni, tó wọ bàtà rọ́bà, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Oòrùn mú ganrínganrín. Àwọn èèyàn tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì òpópónà, àwọn mìíràn yọrí lójú fèrèsé. Alága dúró níwájú ilé rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ dúró tì í, ó mú ọ̀pá irin kan lọ́wọ́, ó ní kì í ṣe fún nǹkan kan.

Ìyá Oníbúrẹ́dì jáde, ó mú okùn ajá dání ṣinṣin. Ibẹ̀rẹ̀ dára. Kínimoṣe rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn, bí ẹni tí wọ́n ṣèlérí eré fún tí eré kò bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ajá náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn orí. Ó fi ẹsẹ̀ iwájú ha ojú ara rẹ̀. Ó dúró, ó tún rìn, ó ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Itọ́ funfun ń hó jáde ní etí awọ.

"Itọ́ ń hó lẹ́nu ẹ̀," onígbàjámọ̀ sọ. "Dìgbòlugi ni. Ṣé mi ò sọ?"

Ọ̀rọ̀ náà sáré ju ẹsẹ̀ lọ. Àwọn ìyá fa ọmọ wọn sẹ́yìn, ìlẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé. Kínimoṣe subú lulẹ̀, ó ń yí gbirigbiri, ó fa okùn já mọ́ Ìyá Oníbúrẹ́dì lọ́wọ́. Obìnrin náà ń pè é lórúkọ. Àbúrò Alága gbé ọ̀pá irin sókè, ó ń bọ̀.

Ojúòtó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Gbogbo èèyàn ń wo ajá. Òun nìkan ló ń wo awọ, nítorí òun ló rán an, ó sì rí i pé awọ náà ò mì rárá. Ikùn ajá ń lọ sókè sódò kíkankíkan, ẹnu rẹ̀ kò sì ṣí. Ìgbà náà ló yé e. Ajá kì í làágùn bí èèyàn. Bí ooru bá mú un, ẹnu ló ń là, á yọ ahọ́n síta, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹsẹ̀ tí a fi sínú bàtà kò nílò láti yanu. Ẹnu nílò rẹ̀.

Ó mú ọ̀bẹ iṣẹ́ rẹ̀ lórí tábìlì, ó sáré jáde. "Gbé irin yẹn sílẹ̀," ó sọ fún àbúrò Alága bó ṣe kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ ti ajá. Ó ki ọ̀bẹ bọ abẹ́ okùn awọ lẹ́yìn etí, ó gé e, ó fi ọwọ́ kejì fa ìdínu náà kúrò. Ẹnu náà ṣí. Kó tó fa ọwọ́ padà, ẹnu náà pa dé mọ́ ọn.

Ó gbọ́ ìró egungun ara rẹ̀. Nínú ìrora náà, ohun tó wá sí i lọ́kàn ni onígbàjámọ̀: ṣé ó ti há? Kò há. Ẹnu ajá là, ó tú ọwọ́ náà sílẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ahọ́n rẹ̀ yọ síta, ó ń mí bí ẹni tí wọ́n fà yọ nínú odò. Àtàǹpàkò aránbàtà ti ya láti ìdí dé àtẹ́lẹwọ́.

Dókítà ẹran ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó fi aṣọ di ọwọ́ rẹ̀ le, ó wo ọ̀bẹ tí ẹ̀jẹ̀ ti ta sí lára, ó wo ajá. Kò sẹ́ni tó wà nítòsí tó lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an.

"Bàbá," ó béèrè jẹ́ẹ́jẹ́, "ọ̀bẹ ni, àbí eyín?"

Ìyá Oníbúrẹ́dì ti dé. Ó dúró lókè orí wọn, ojú rẹ̀ ń bẹ aránbàtà láìsọ̀rọ̀. Bó bá ní eyín ni, ajá tó bu èèyàn jẹ ló di yẹn, lójú dókítà àti lójú Alága. Bó bá ní ọ̀bẹ ni, kò sẹ́ni tó máa jiyàn, òun náà á sì máa jẹ́ Ojúòtó tí ìwọ̀n rẹ̀ kì í tàsé. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti rí ajá tó ń yí nílẹ̀, tí itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀, wọn kò sì mọ ìdí rẹ̀. Ìyẹn nìkan ti tó láti gbé e lọ.

"Eyín ni," ó ní.

Ìyá Oníbúrẹ́dì di ojú.

"Ṣùgbọ́n ẹ bi mí ní ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú eyín." Ó fi ọwọ́ tó dára mú ìdínu nílẹ̀, ó nà án sí dókítà. "Ẹ ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀. Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ la ìka yín níbẹ̀."

Dókítà ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìka rẹ̀ kò lè là.

"Èmi ni mo rán an," Ojúòtó sọ, ó sì gbé ohùn sókè kí àwọn tó wà lójú fèrèsé lè gbọ́. "Àárọ̀ ni mo wọ̀n ọ́n, ó pa ẹnu dé. Mo bi ìyá yìí bóyá ajá ẹ̀ ń gbó, mo bi í bóyá ó ń lálàá. Mi ò bi í bó ṣe ń la ẹnu. Mo rán bàtà fún ẹnu, mo fi dí èémí ẹ̀. Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ ṣe é níbi."

A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ kí èèyàn dúró ní gbangba kó máa fi orí tirẹ̀ tó ń mì hanni.

"Ó ṣáà bu èèyàn jẹ," Alága sọ. Ohùn rẹ̀ kò le mọ́. "Ó sì pa ológbò mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni," dókítà dáhùn. "Ajá yòówù tí wọ́n bá sé èémí rẹ̀ báyìí nínú oòrùn lè gé èèyàn jẹ. Èyí lágbára, ìyẹn ló fi ya ọwọ́ Bàbá tó báyìí. Ẹ̀rù tó ń bà yín kì í ṣe lásán." Ó yíjú sí Ìyá Oníbúrẹ́dì. "Ẹ tì í mọ́lé, màá máa wá wò ó bóyá àrùn wà lára ẹ̀. Ẹ gbé ọgbà yín ga. Kí ó ní ìdínu tó lè yanu nínú ẹ̀ dáadáa. Tí kò bá sí ìyẹn, mi ò ní lè fi í sílẹ̀ níbí."

Wọ́n rán ọwọ́ aránbàtà ní ilé ìwòsàn. Ìyàwó rẹ̀ ló fọ ẹ̀wù tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì sá a sóòrùn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó dáa, o ti wá mọ bí inú ẹ̀ ṣe rí." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ó sì sunkún díẹ̀. Àwọn oníbàárà kan kò wá mọ́. Onígbàjámọ̀ ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá jókòó sórí àga rẹ̀ pé òun fi ojú ara òun rí i, ẹnu ajá kì í há, bí ẹni pé òun ló ti ń sọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Dókítà kò rí àrùn kankan lára ajá. Ọmọkùnrin Ìyá Oníbúrẹ́dì gbé ọgbà ga. Ìdínu ló kù. Àwọn aláwọ yòókù kò tíì yí ọ̀rọ̀ wọn padà, obìnrin náà kò sì lójú láti padà wá bẹ Ojúòtó. Ọmọ rẹ̀ ló ń sìn ín lọ síbi iṣẹ́ nínú òkùnkùn, ọmọ náà sì gbọ́dọ̀ padà sí ìlú tó ti ń ṣiṣẹ́ láìpẹ́.

Ni aránbàtà bá dìde fúnra rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí oòrùn mú jù. Ìyá Oníbúrẹ́dì pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọgbà, ó ṣílẹ̀kùn fún un. Kínimoṣe dùbúlẹ̀ sójú oòrùn, ẹnu rẹ̀ là gbàgà, ahọ́n rẹ̀ ń mì, gbogbo eyín rẹ̀ sì hàn síta, funfun, títí kan àwọn tó wọ ọwọ́ aránbàtà.

Aránbàtà kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọwọ́ tó ti ń lò láti ìgbà èwe rẹ̀ wà nínú báńdéèjì, àtàǹpàkò ibẹ̀ kò tíì ká. Ọwọ́ òsì ló kù fún un, ọwọ́ kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù tó fi ń jẹun. Àágùn bo iwájú orí rẹ̀.

"Bàbá," Ìyá Oníbúrẹ́dì sọ, "ẹ kàn fi ojú wọ̀n ọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kò burú."

"Ojú ò tó," ó ní, ó sì na ọwọ́ náà sí ẹnu ajá.